Ìgò Wa Ló Lé Ọ̀ṣunwùnmí Kúrò Nínú Yàrá Rẹ̀

Ọ̀ṣunwùnmí ti kú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ara rẹ̀ ló kú sí, lórí ẹní, bí àlejò tí kò rí yàrá wọ̀ sí. Kì í ṣe pé kò ní yàrá. Ó ní, olóògbé ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ fún un. Ṣùgbọ́n ìgò oògùn tí a fi ń pa koríko lóko ló kún inú yàrá náà dé àjà, èyí tí èmi àti ẹ̀yin lò tán tí a jù sígbó.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀nà Oko-Akarè ló ń gbé, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń fún epo. Lọ́dún kan, ọmọ àbúrò rẹ̀ mu omi nínú ìgò oògùn koríko. Wọ́n ti fọ ìgò náà, wọ́n ní ó ti mọ́. Ọmọ náà kú. Láti ìgbà yẹn ni Ọ̀ṣunwùnmí ti ń rìn láti oko dé oko. Á ṣa ìgò omi tí àwọn èrò ọkọ̀ ń jù sílẹ̀ ní Ikpinlè, á fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ̀ ọ́, á wá fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún wa: mú èyí tó ní májèlé wá, gba èyí tó mọ́. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló fi ń di ọwọ́ mú wọn, torí kò ní ìbọ̀wọ́.

A sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. “Ìyá Onígò dé o! Ẹ kó májèlé yín jáde!” Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fi ìgò oògùn rọ epo fún ọkọ rẹ̀, kó má ránṣẹ́ ìsìnkú sí mi o.” Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Obìnrin yìí da omi síwájú. Ta ló wá tẹ ilẹ̀ tútù ọ̀hún? Àwa tí à ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ilẹ̀ Wa Mọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n wá, wọ́n kó wa jọ sábẹ́ igi, wọ́n ní ará ìlú gbọ́dọ̀ kópa nínú ìmọ́tótó. A pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn á kọ́ ilé kékeré onílẹ̀kùn irin tí a ó máa kó ìgò sí, ọkọ̀ á sì máa wá kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ wọ́n di nǹkan mìíràn. Wọ́n ri pátákó mọ́lẹ̀, wọ́n ya àwòrán ilé náà sí i. Àwòrán náà dára púpọ̀. Títí di òní, ewúrẹ́ ń fara ra pátákó náà.

Ilé kò dé, ìgò ń dé. Ẹ̀yìnkùlé ni Ọ̀ṣunwùnmí kọ́kọ́ kó wọn jọ sí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á rí i pé àwọn kan ti wá jí lára wọn lọ rọ epo tà. Ló bá kó wọn wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn oògùn ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò ní sọ pé mo mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó lọ bá ní kó kúrò nínú ilé yẹn. Ó ní, “Bí mo bá kúrò, ta ni yóò ṣọ́ wọn? Ṣé kí ọmọ ẹlòmíràn tún lọ mu ún ni?”

Ìgbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ tó ò ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, bá mi bi wọ́n. Ilé tí wọ́n yà yẹn, ṣé inú àwòrán ni kí n máa kó ìgò sí ni?” A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.

Nílé wọn, a kì í sin àgbà síta. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ sí, kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ìyá ọkọ rẹ̀. Rosine, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀. Wọ́n wo inú yàrá, wọ́n wo ara wọn, wọ́n gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ẹnìkan ní kí wọ́n kó ìgò síta, kí wọ́n sun ún. Rosine figbe ta: “Èéfín ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ ba iṣẹ́ ìyá mi jẹ́ lójú òkú ẹ̀ ni?” Òmíràn ní kí wọ́n dà á sódò. Rosine ní kí wọ́n kọ́kọ́ da òun náà sí i.

Bàbá Akínbáyọ̀, olórí ẹbí ọkọ rẹ̀, ní kí n pe Mùsíyè Arnaud, aṣojú Ilẹ̀ Wa Mọ́ lọ́dọ̀ wa. Mo pè é. Ó kẹ́dùn gan-an. Ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìgò yẹn o, ó léwu. Ọ̀gá wà ní séminaire, níbi ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Háà! Ó léwu! Ìgbà tí obìnrin yìí kú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá léwu ni? Nígbà tó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú un, oyin ló wà nínú rẹ̀? Àbí òkú ló máa dúró de séminaire?

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n sin ín sí, nítòsí ibi tó ti ń fún epo. Bàbá Akínbáyọ̀ kò lè wo ibẹ̀. “A sin ìyàwó wa bí ẹni tí kò nílé,” ló ń tún wí ṣáá, àgbàlagbà ń sunkún bí ọmọdé. Ó dùn mí dé egungun.

Ọjọ́ ìnáwó òkú ni Mùsíyè Arnaud tó yọjú. Ó gba gbohùngbohùn, ó pe Ọ̀ṣunwùnmí ní akọni obìnrin. Ó mọ̀rọ̀ sọ, mi ò ní purọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá, òfìfo ló wá, òfìfo náà ló padà lọ. Iwájú ilẹ̀kùn yàrá yẹn ló gbà kọjá nígbà tó ń lọ jẹun.

Òkú ti sùn. Alààyè ni mo ń sunkún fún báyìí. Rosine ló ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lónìí, òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó padà sílé ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá lọ, wọn á já ilẹ̀kùn kó ìgò. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n.” Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀, etí aṣọ ló fi bo ọmọ nímú.

Ẹ̀yin Ilẹ̀ Wa Mọ́, ẹ dá wa lóhùn. Ta ló ṣèlérí ilé? Ta ló yẹ kó rán ọkọ̀ wá tí kò rán an? Ẹ má sọ fún wa pé “àwọn ni”. Orúkọ ènìyàn la fẹ́ gbọ́, ní gbangba, lójú ọjà Ikpinlè, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá wá, Bàbá Akínbáyọ̀ ti bá àwọn ilé sọ̀rọ̀ títí dé ìlú Tatonnonkon: olúkúlùkù á fi ọ̀rá di ọwọ́, á gbé ìgò tirẹ̀, a ó sì tò wọ́n síwájú bírò tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín pẹ̀lú, mo sì jẹ́ ẹ bó ṣe rán mi: “A ti gbẹ́lẹ̀ síbi tí kò yẹ lẹ́ẹ̀kan. Sàréè ọmọ ọwọ́, a ò ní gbẹ́ ẹ.”