Àwọn Fada Méjì Nídìí Ọlọ Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Àbùjá kò tí ì di Àbùjá, Abájí ni àwọn òbí mi ń gbé. Ọmọ Yàgbà ni bàbá mi, Ìjùmú ló ti fẹ́ ìyá mi, iṣu ló sì gbé wọn dé Abájí. Ilẹ̀ ibẹ̀ nígbà náà, bí ẹ bá ki orín bọ̀ ọ́ láàárọ̀, á ti rúwé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ pé n kì í parọ́. Mo kàn máa ń ta epo díẹ̀ sí òótọ́ kí ó lè lọ lọ́fun ni.

Ẹ̀yìnkùlé wa ni ilé Fada Tómásì wà. Òyìnbó ni a ń pè é, ṣùgbọ́n kò funfun; ó pọ́n bí ìkòkò tuntun. Ó ní Mẹ́síkò ni òun ti wá, pé àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló bí ìyá òun, àti pé Náwátì ni èdè tí òun kọ́kọ́ fọ̀. Ó ti gbọ́ Hausa, ó sì ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ lẹ́nu ìyá mi, débi pé bí ó bá ń ka àdúrà, ẹ ó rò pé ó ń ná ọjà ni.

Ọgbà rẹ̀ nìkan ni mo rí tí ẹ̀wà ti ń gun àgbàdo, tí elégédé sì ń rá nísàlẹ̀ wọn. Ẹ má bèèrè tòmátì. Ọ̀kan já lulẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó yí lọ lu àkùkọ bàbá mi, àkùkọ náà kò kọ mọ́ títí a fi pa á jẹ ní Kérésì. Àwa ọmọdé la máa ń pọn omi sí ọgbà náà, oúnjẹ ni Fada sì fi ń san án fún wa. Á fi omi eérú se àgbàdo títí èèpo rẹ̀ á fi bó, á wá lọ̀ ọ́ lórí ọlọ ìyá mi, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, á yan án lórí àpáàdì. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo agboolé. Ìyá mi kọ́kọ́ ní, “Kai, Fada, eérú tí à ń kó dànù lẹ ń jẹ.” Ọjọ́ tó tọ́ ọ wò, ó kàn na ọwọ́ sí èkejì. Bí mo bá jí i jẹ, ìyá mi á ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọmọ ọlọ lé orí. Bí àtàrí mi ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ yìí, iṣẹ́ ọmọ ọlọ ni.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dun Fada. Kò rí ẹni bá fọ Náwátì. Lọ́sàn-án, á jókòó sínú ọgbà, á máa bá àgbàdo sọ̀rọ̀. Ó wá sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ kan pé, “Èdè ìyá mi ń kú lẹ́nu mi. Bí ẹ̀ẹ̀rùn yìí bá parí, mò ń lọ sílé.” Ẹkún ni a fi gbọ́ ọ. Ta ni yóò máa yan àgbàdo fún wa?

Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́, ó rán fada mìíràn wá kí i, Fada Lúkù, ará ìlú kékeré kan nísàlẹ̀ Mẹ́síkò. Wọ́n ní èdè tirẹ̀ àti ti Fada Tómásì, ìyá kan náà ló bí wọn. Bàbá mi ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹbí ni wọ́n, kí àbúrò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ èdè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ni àwọn méjèèjì bá nà gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ pupa pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn wọn. Wọ́n dìde, wọ́n fi èdè ìyá wọn sọ̀rọ̀. Kálukú ń wo ẹnu ẹnì kejì bí ẹni tó ń wo ìsàlẹ̀ kànga. Wọn ò gbọ́ ara wọn. Ojú Fada Tómásì rẹ̀wẹ̀sì. Ó wọlé, ó wọ́ àpótí rẹ̀ jáde, ó ń di ẹrù.

Ìyá mi ní, “Fada, ẹ gbé àpótí yẹn sílẹ̀. Ebi ń pa àlejò yín. Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá láti Ìjùmú, ta ló gbọ́ mi? Ìyá ọkọ mi ò bá mi jiyàn. Ó gbé mi jókòó ti ọlọ ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní agboolé bàbá mi ní Yàgbà. Bí ìyàwó bá ti ìlú mìíràn wá, òun àti ìyáálé á jọ lọ̀ nǹkan; ohun tí ọwọ́ bá kàn, kálukú á pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nílé rẹ̀. Ohun tí wọn ò bá pè, wọn ò ní jẹ ẹ́.

Àwọn fada méjèèjì jókòó. Ìyá mi fọwọ́ kan omi. Fada Tómásì ní, “Atl.” Àlejò ní, “At.” Ìyá mi tọ́ka sí iná. “Tletl.” “Tit.” Fada Tómásì sún síwájú. Ó fúnra rẹ̀ gbé ọwọ́ lé ọlọ, ó ní, “Metlatl.” Àlejò rọra ní, “Metat.” Omijé já bọ́ lójú Fada, ó sì fi ọwọ́ eérú nù ún. Kí àgbàdo tó jinná, wọ́n ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí Ìjẹ̀bú ṣe ń ṣe Èkìtì.

Bàbá mi ṣì ń bèèrè pé, “Ta ni àbúrò gan-an?”

Ìyá mi ní, “Ẹni tó bá fọ ìkòkò.”

Fada kò lọ mọ́. Àpótí yẹn, adìyẹ ìyá mi ló padà ń yé ẹyin sí i.

Lónìí, ilé ọmọ mi ní Kabusa, nínú Àbùjá, ni mò ń gbé. Dára, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn. Mo rò pé kò gba ìtàn yìí gbọ́, àfìgbà tó wò ó nínú fóònù, tó rí i pé àwọn èdè náà wà lóòótọ́, àti pé ọ̀kan wà lára wọn tó jẹ́ pé àwọn arúgbó nìkan ló kù tó ń sọ ọ́. Nígbà tiwa, ọlọ kì í pariwo. Ènìyàn lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Bulẹ́ńdà òde òní, bó bá ti ń ké, kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ ata létí ọmọ.

Nítorí náà, mo ní kí wọ́n ra ọlọ fún mi ní ọjà Utako. Mo gbé Dára jókòó tì í, mo ní a ò ní jẹ ohun tí a ò bá pè. Ó pe ata, ó pe iyọ̀, ó pe ọmọ ọlọ, Yorùbá dáadáa. Ó wá gbé àpáàdì sókè, ó ní, “Bàbá àgbà, kí ni ìyá yín ń pe èyí ní Ìjùmú?”

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àṣé bó ṣe ń ṣe Fada nínú ọgbà nìyẹn. Ọmọbìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìdérí dé ìkòkò ọbẹ̀, ó ní, “Ohun tí a ò bá pè, a ò ní jẹ ẹ́, sà.”

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ìyá yín jẹ́ ọmọ Ìjùmú, kí ni wọ́n ń pe àpáàdì? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ọbẹ̀ ń tutù.