Ṣegede Kọ́ Ló Pa Màmá Aránṣọ

Yéè! Erin wó, kò lè dìde! Omijé ni èmi, Olórí Ẹbí, baba gbogbo agboolé wa ní Ìsàlẹ̀-Òsì, fi ń kọ ìwé yìí. Àbúrò mi àtàtà, òpó ilé Ọlọ́run, ìwọ tí o ran aṣọ bo gbogbo Bẹẹrẹ, o fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́…

Ránpẹ́ kẹ̀? Màmá, ẹ má bínú, mi ò lè bá Bàbá pa irọ́ yẹn dópin. Ránpẹ́ wo ló ń jẹ́ ọdún méjì?

Ẹnu yín ló kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́ẹ̀kan péré tó ti wọ ihò abẹ́rẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í na òwú sí mi: “Bá mi fi itọ́ sí i jàre, tèmi ti tán.” Mo rò pé àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wú. Kò dùn yín, kò sì lọ. Bàbá Olórí Ẹbí wúkọ́, wọ́n ní: “Ẹ̀-hẹ́n! Ṣegede lásán-làsàn! Ẹ fi aró pa á. Ta ló ń gbé ṣegede lọ sọ́sibítù?”

Aró! Oṣù méje gbáko lẹ fi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí dókítà máa gé díẹ̀ níbẹ̀ wò, ó ní jẹjẹrẹ ni, linfómà ni wọ́n ń pè é, ibi tí itọ́ ti ń sun ló fi ṣe ilé. Ó ti dé ọrùn, ó ti dé ikùn. Ó ní, “Kí lẹ ń dúró dè láti ọjọ́ yìí?” Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń bá a jà, títí tó fi pé ọdún méjì.

Inú ń bí mi sí Bàbá. Ó ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo ki pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí mo fi aró kùn ún, tí mo ń sín yín jẹ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, lápá kan ẹnu: “Ọmọ ọ̀ràn! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ò tiẹ̀ wú tó tèmi!” Ariwo ló yẹ kí n pa, kì í ṣe àwàdà.

Bàbá kọ́ ló kọ èyí o. Èmi Àlàbá ni, ọmọ ọmọ yín tó fi ilé-ìwé sílẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ìwé ìkéde òkú tí wọ́n kọ rán sí onítẹ̀wé ní Òkè-Àdó. Mo fà á ya lójú ọ̀nà, mo sì kó tèmi yìí fún onítẹ̀wé. Kí wọ́n nà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni bá wú tí kò lọ, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ má gbọ́ ti àgbà kankan.

Màmá mi, ẹ sùn re. Mo ti sọ ohun tó pa yín.