Ẹni Tó Dáhùn sí Oríkì Mi

Bí mo bá fẹ́ parọ́ fún yín, irọ́ tó dùn ju èyí lọ ni ǹ bá pa, èyí tí màá ti borí níkẹyìn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi, ní Dagenham níbí, lọ́sàn-án Sátidé, tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. N kò fẹ́ pariwo rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Rush Green. Ṣùgbọ́n lópin ọ̀sẹ̀, àwa mẹ́ta kan a máa pàdé láti fi Yorùbá sẹ́nu àwọn ará Ṣáínà inú fíìmù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dàgbà sílé mọ adùn fíìmù Ṣáínà, àwọn èèyàn wa sì fẹ́ràn iṣẹ́ wa dáadáa. Bọ̀dé ló ni ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ilé pákó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, nítòsí páàkì Valence, la ti ń ṣe é. Bọ̀dé ni gbogbo ọkùnrin, Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi ni àwọn arẹwà obìnrin, èmi ni ìyá àgbà àti ẹnikẹ́ni tó bá ń ké lẹ́yìn.

A ní àṣà kan. Orúkọ Ṣáínà kì í dúró létí àwọn tó ń wò wá, nítorí náà àwa fúnra wa la máa ń sọ wọ́n lórúkọ. Ìjòyè onírùngbọ̀n gígùn a di Adéoyè, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ a di Làmídì, a ó sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bùkọ́lá jẹ́ sí mi. Yàrá kan la jọ gbé ní Peckham nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Nígbà tí mo bímọ, òun ló wẹ ọmọ mi, òun ló pọ̀n ọ́n. Nígbà tó kó wá sí Barking, mo kó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní kí n fi orí mi pamọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, ọwọ́ Bùkọ́lá ni ǹ bá fi í sí. Ẹ gbà mí gbọ́.

Nígbà òtútù tó kọjá, ohùn rẹ̀ lọ. Ó jẹ orógbó, ó lá oyin, ìjọ gbàdúrà sí i, ohùn ò padà. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun gba ipa obìnrin kan nínú fíìmù tuntun. Ó ní fíìmù ìjà lásán ni.

Ìjà kẹ̀? Fíìmù ayé àtijọ́ ni lóòótọ́, aṣọ ṣẹ́dà, apá aṣọ tó ń wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti bọ́ra sí ìhòòhò. Àwọn tí kò sí ní ìhòòhò, wọ́n ń bẹ́ wọn lórí. Orí tí wọ́n bẹ́ tún ń fò kiri yàrá, ó ń bú ẹni tó bẹ́ ẹ. Ẹ̀jẹ̀ ń tú bí ẹ̀rọ omi tó bẹ́. Èmi ọmọ ìjọ Aládúrà, mo fọwọ́ bojú, mo sì ń yọjú wò láàárín ìka. Mo bi Bùkọ́lá pé irú kí ló mú mi wá wò yìí.

"Ọ̀rẹ́ mi, voice ẹ nìkan la ń lò," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí ohun tó kù lọ́fun rẹ̀ nìyẹn. "Nobody go know say na you."

Ìyàwó kan tó wọ aṣọ pupa ni ipa tèmi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ mulẹ̀, ló tà á fún olówó kan tó ń bó awọ àwọn obìnrin. Ó kú, ó sì jí padà láìní awọ lára, ó ń bá àwọn ọkùnrin sùn, ó ń jẹ ọkàn wọn kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn tó ṣe fíìmù náà kò nítìjú rárá. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin yẹn dùn mí, kí n sọ òtítọ́. Kò jọ ojú ẹni tó ń ṣeré.

Mo béèrè orúkọ tí a fún un. Bọ̀dé ní Bùkọ́lá ló mọ̀ ọ́n. Bùkọ́lá wolẹ̀, ó ní tó bá débẹ̀ màá gbọ́.

A dé ibi tí ọ̀rẹ́ burúkú náà wá síbi sàréè, tó sun tùràrí, tó ń bẹ òkú. Bùkọ́lá ní ohùn wúyẹ́wúyẹ́ òun tó fún ọ̀rẹ́ yẹn, òun ló ń sọ ọ́. Ó sún mọ́ máìkì, ó mí kanlẹ̀, ó sì pe orúkọ aláṣọ pupa.

Oríkì mi ló pè.

N kò ní pè é níbí, ẹ forí jì mí. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Bùkọ́lá mọ̀ ọ́n nítorí pé ó máa ń jókòó tì mí bí ìyá mi bá pè láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ sì mọ ohun tí oríkì ń ṣe fún ọmọ Yorùbá. Orí á wú, ẹnu á ti ṣí kéèyàn tó ronú.

"Mà," mo dáhùn.

Obìnrin inú fíìmù kọ ẹ̀yìn sí wa níbẹ̀. A ti wo ibẹ̀ ṣáájú kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í yíjú. Lọ́tẹ̀ yìí ó yíjú. Kò wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ló wò, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.

Mo wá gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ tí mo fi bo etí. "Mà." Ohùn mi ni. Ẹnu mi sì wà ní pípadé.

Bùkọ́lá bú sẹ́kún. Ẹkún náà mọ́ gaara. Ohùn rẹ̀ ti padà dé.

Mo fà á jáde sínú ọgbà, mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní kí ohùn òun tó lọ, òun lòun kọ́kọ́ ṣe obìnrin náà, òun sì fi oríkì ara òun sọ ọ́ lórúkọ, bí eré bí eré. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá pe òun, ẹlòmíràn ni yóò dáhùn, ohùn òun sì ń dín kù. Obìnrin náà wá bá òun lójú àlá. Obìnrin náà ní òun yóò dá ohùn Bùkọ́lá padà bí Bùkọ́lá bá fún òun ní oríkì ẹlòmíràn, tí ẹni náà sì fẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

"Orúkọ ta ni kí n fún un?" Bùkọ́lá ní. "Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Ìwọ strong jù mí lọ, you know that. Màmá ẹ ń gbàdúrà fún ẹ."

Mo wo ẹnu rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ geere. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba èèyàn. Ohun tó dùn mí ni pé ó ronú kan gbogbo ẹni tó mọ̀, ó rò ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì dúró síbẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹlòmíràn ni mo máa ń pa òwe yẹn fún tẹ́lẹ̀.

Bọ̀dé búra pé òun ti pa ibi tí ohùn mi wà nínú fíìmù náà rẹ́. Kò pẹ́ tí ará ìjọ kan fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun gbọ́ ohùn mi nínú fíìmù ìhòòhò lórí fóònù.

Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá fi oríkì pè mí, mo máa ń panu mọ́. Ẹ̀rù ẹni tí yóò bá mi dáhùn ń bà mí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó máa pe orúkọ mi lásán, inú rẹ̀ kò dùn sí i. Lánàá ni mo tún pè é.

"Ìwọ ta ni?" ó ní.

Mo ní, "Èmi ni mà, ọmọ yín."

"Ọmọ mi pè mí láàárọ̀," ìyá mi rọra sọ. "Mo fi oríkì pè é, ó jẹ́ 'mà.' Ó sunkún pé ọ̀rẹ́ òun ta òun. Ó ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, mo ti ń tọ́jú yàrá ẹ̀. Ìwọ, ó pẹ́ tí mo ti ń pè ọ́, o ò dá mi lóhùn. Má pe fóònù yìí mọ́."

Mo fẹ́ tètè délé ṣáájú aláṣọ pupa yẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà tí ìyá mi pè mí bẹ́ẹ̀, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá dáhùn, mo ti fẹnu ara mi yọ̀ǹda oríkì mi fún obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Bí n kò bá dáhùn, ìyá mi yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ọ̀rẹ́ bá ní kí ẹ wá yá òun lóhùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tí ẹ ó sọ̀rọ̀ fún. Bí fíìmù aláṣọ pupa bá sì dé orí fóònù yín, ẹ pa á kó tó dé ibi sàréè. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde, obìnrin kan ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá bá ẹni tó ń pè ní ìyá rẹ̀. Yóò dáhùn dáadáa bí ìyá àgbà náà bá pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún ìyá mi pé èmi kọ́.