Àmín Tí Wọ́n Ń Ṣe Lé Mi Lórí

Lọ́dún tí mo fìdí rẹmi nílé ìwé ní Fìdítì, èmi ni wọ́n ń fi ṣe kókó àdúrà òwúrọ̀ nílé wa. Bí a bá ti kọrin tán, bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, á ní lójú gbogbo àwọn àbúrò mi pé: "Olúwa, bá wa ṣí ọpọlọ olódo yìí." Gbogbo ilé á ṣe àmín. Èmi náà á ṣe é.

Kí lẹ rò pé ó máa kù lára ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ń ṣe àmín sí olódo láràárọ̀? Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́. Ibùsùn nìkan ni mo ń fẹ́. Wọ́n tún fi ìyẹn kún àdúrà: wọ́n ní ẹ̀mí ọ̀lẹ ló ń dà mí láàmú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n fi àdúrà parí. Inú ń bí mi burúkú. Mo ní: "Olúwa, mo dúpẹ́ fún ọpọlọ tí o fún mi. Kò sóhun tó ṣe é. Bá wa ṣí etí bàbá mi."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Bàbá mi lajú. "Èmi lo ń gba irú àdúrà yẹn fún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí. "Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ."