Iṣẹ́ Ọmọ́yẹlé ní Àpérò Lọ́kọ́ja

Lọ́dún 1996, Kogi ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Téèyàn bá dárúkọ kọ̀ǹpútà ní Kàbbà nígbà yẹn, àwọn àgbà á ní irú tẹlifíṣọ̀n wo nìyẹn. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà yìí ni Ọmọ́yẹlé, ọmọ Màmá Agatha tó ń ta gààrí, ń kọ́ ní polí. Oṣù mẹ́jọ ló fi kọ ètò kan fún ọsibítù: tí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ orúkọ aláìsàn, káàdì rẹ̀ á yọ lójú ẹsẹ̀, kí àwọn arúgbó yé jókòó sórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀. Àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wá ń bọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn bá dáa jù, ilé-iṣẹ́ kan ní Kàdúná máa gbà wọ́n. Ohun tí Ọmọ́yẹlé ń gbàdúrà sí nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà tó fi kọ ọ́ ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gba họlidé, gbogbo iṣẹ́ náà wá ku inú dísíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, dúdú, pẹlẹbẹ, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e fún ìyá rẹ̀.

“Ìyá, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án o, ẹ má sì jẹ́ kí ikán rí i.” Ikán ti jẹ sátífíkéètì bàbá rẹ̀ lódindi rí nínú ilé yẹn.

“Ikán kẹ̀? Ikán tó bá lè débi tí mo máa gbé e sí, kó wá jẹ èmi náà!”

Àjà òkè ààrò ló gbé e sí, níbi tí àwọn obìnrin ń so àgbàdo tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ mọ́, torí kòkòrò kì í dé inú èéfín. Áńkáṣíìfù tó ń mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló fi wé e, ó tún fi ọ̀rá wé e lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni iná fi ń jó lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ́yẹlé wà lóko ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìsánlú, kò mọ nǹkan kan; alẹ́ tó ku ọ̀la àpérò ló tó délé. Láàárọ̀ ọjọ́ àpérò, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè níta kí ìyá rẹ̀ tó sáré ki ìdì náà sínú báàgì rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ló tú u. Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ jáde. Dísíkẹ́ẹ̀tì ti ká kò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbẹ.

Andrew, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Yẹlé, ṣé o yan án ni?” Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó dìde wá bá a. Àwọn méjèèjì jọ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi wọ inú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kùn kẹrẹkẹrẹ, kò rí nǹkan kan kà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo lè fẹnu ṣàlàyé ẹ̀.”

“Arábìnrin, iṣẹ́ la wá wò,” ni olórí àwọn adájọ́ wí. “Ẹ pe ẹlòmíì.”

Andrew wà lára àwọn méjì tí wọ́n mú. Kò lè wojú rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ kíkan tó máa sọ fún ìyá rẹ̀ ló ń tò. Ó délé, ó bá a pẹ̀lú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì méjì, gèlè tuntun lórí ẹ̀, ẹ̀rín lẹ́nu.

Ìyá rẹ̀ kí i: “Okun o, ọmọ mi! Ṣé wọ́n mú ẹ?”

“Wọn ò mú mi, Ìyá.”

“Ṣé nǹkan ṣe é ni? Mo mà tọ́jú ẹ̀ o!”

Ọmọ́yẹlé wo ojú yẹn. “Ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ àwọn tó kù ló dáa ju tèmi lọ.”

Ẹ̀rín kú lójú Màmá Agatha. Ó kọjú sáwọn àlejò. “Ẹ ò gbọ́? Mo ní kó yé sùn sórí ìwé! Ọ̀lẹ lásán!”

“Ẹ má bínú, Ìyá.”

Lọ́dún kejì ó ń bá èèyàn tẹ lẹ́tà ní Kàbbà. Tí oníbàárà bá wọlé, ìyá rẹ̀ á ní, “Kàdúná lèyí ì bá wà tí kì í bá ṣe ọ̀lẹ.” Ọmọ́yẹlé kì í gbójú sókè. Á ṣáà máa tẹ̀wé lọ.