Ohùn Igi Ìlùṣọ Nínú Kásẹ́ẹ̀tì Mọ́ṣúdù

Ní ọdún 1986, iṣẹ́ Mọ́ṣúdù ni kíkọ orin láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn, ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan níwájú ilé ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú. Ẹ̀yìn ilé yẹn náà ni ìyá rẹ̀, Sìlífátù, ti ń rẹ àdìrẹ láró. Bí aṣọ bá gbẹ tán, òun àti Asiata tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi, wọ́n á kọjú síra, wọ́n á máa fi igi lù ú títí yóò fi dán. Ariwo yẹn ni Mọ́ṣúdù gbọ́ dàgbà. Kò kà á sí nǹkan kan, àfi ìgbà tí orin ráàpù dé.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ráàpù ń gba imú sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà. Mọ́ṣúdù rò ó, ó rí i pé òfò ni. Ohun tí àwọn tó ni í ti ń ṣe dáadáa, ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ ará Ìtòkú? Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó gba ìró igi méjèèjì sílẹ̀. Ó wá to ẹ̀rọ méjì síra. Ó mú ibi kékeré tó dùn jù, ó ń kọ ọ́ láti inú èkíní sí èkejì, ó ń dá a dúró, ó ń dá a padà, ó tún ń kọ ọ́, títí ìró náà fi ń tẹ̀ lé ara rẹ̀ láìjá. Bátìrì tí iṣẹ́ yẹn jẹ, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

Ohùn ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: "Lù ú kó dán! Lù ú kó dán!" Ìyẹn ló fi ṣe ègbè. Kò fi ohùn tirẹ̀ sí i rárá. Létí ara rẹ̀, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń ké ló rí. Nígbà tó parí, ó dá orin náà padà sórí kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó fi gba ìró igi sílẹ̀, torí ti oníbàárà ni èkejì, ó sì wá kọ orin tí oníbàárà fẹ́ lé e. Kò fẹ́ ra tuntun. Kò rántí pé orin òun kò gùn tó ohun tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì náà tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ rédíò ń bọ̀ lọ́la láti gbọ́ ọ. Bó bá wù ú, wọ́n á gbé e sáfẹ́fẹ́. Ni Mọ́ṣúdù bá gbé sípíkà síta nírọ̀lẹ́, ó fẹ́ fi etí àwọn ará àdúgbò dán an wò. Èrò pé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ìgbà yẹn gan-an ni Àlájà Sàfúrátù dé, oníbàárà ìyá rẹ̀ tó tóbi jù, tó ń kó aṣọ lọ tà ní Ìtòrí.

"Ohùn ta ni mò ń gbọ́ yìí? Ìyá Mọ́ṣúdù, ẹ ti di olórin ni?"

"Ẹ bá mi bi ọmọ yẹn, Àlájà. Mo ní kó wáṣẹ́ ṣe, ariwo ló ń tà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Asiata gbé ẹrù aṣọ jáde. Àlájà fa ti òkè yọ, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀.

"Èyí mà dán o."

Mọ́ṣúdù rí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fọwọ́ lọ́ etí ìró tó ró mọ́dìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tó gé kúrò lẹ́yìn "dán," ọ̀rọ̀ tí òun kò kà sí torí pé dídùn ìró nìkan lòun ń wá. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà ní ìdí kásẹ́ẹ̀tì náà. Orin sì ti ń lọ sópin.

"Ẹ yà fún mi!"

"Jó, jàre! Ìwọ lo ṣe é!" Ẹnì kan gbá a lọ́wọ́ mú, ó ń yí i po. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kún dẹ́múdẹ́mú. Ó fi èjìká la àárín wọn. Ìró igi já lójijì. Sípíkà ń hó ṣìì. Lẹ́yìn náà ni ohùn ìyá rẹ̀ jáde, ketekete:

"Lù ú kó dán! Sàfúrátù ò ní—"

Mọ́ṣúdù fa kásẹ́ẹ̀tì náà yọ tipátipá. Okùn rẹ̀ tú dà sílẹ̀ bí ìfun adìẹ. Kò ní ẹ̀dà kankan.

"Sàfúrátù ò ní kí ni?" Àlájà bèèrè.

"Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi orin kì, Àlájà," Mọ́ṣúdù ní.

"Èmi kẹ̀? Ó dáa, fi í padà ká gbọ́!"

"Àlájà," Sìlífátù dá sí i, "ẹ gbé aṣọ yẹn sílẹ̀. Oòrùn ti pa àwọ̀ rẹ̀ lórí àtẹ kí n tó tún un rẹ. Lílù la fi bò ó. Ẹ padà wá lọ́la, tuntun lẹ máa kó."

Àlájà wo aṣọ, ó wo Sìlífátù. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Mo ń bọ̀ lọ́la. Kì í ṣe tìtorí yín o. Àwọn tó ń retí mi ní Ìtòrí ni." Ó kọjá lọ láìdágbére.

Èrò tú ká. Mọ́ṣúdù ṣa okùn kásẹ́ẹ̀tì nílẹ̀. Ó ti já síbi púpọ̀. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí ìtì igi.

"Gbé ẹ̀rọ rẹ wá."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, 'lù ú kó dán' yẹn, ẹ bá mi tún un sọ."

"Ẹnu mi? Ẹnu mi ti ṣe tiẹ̀ tó lónìí."

Asiata bú sẹ́rìn-ín, ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Igi bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tuntun le, ìró rẹ̀ wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ń yí. Ibi tó yẹ kí ègbè ti wọlé dé, ó kọjá. Sìlífátù pa ẹnu mọ́, ó tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ tún ń bọ̀.

Mọ́ṣúdù sún mọ́ ẹ̀rọ, ó sì lanu láti fi ohùn ara rẹ̀ gbé ègbè náà.