Ìtàn Ni, Kì í Ṣe Àlọ́

Ọdún tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Lomé wà ní títì, tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n jókòó sílé nítorí ìjà wọn pẹ̀lú ìjọba, ọdún yẹn ni mò ń sọ. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ìwọ tó ń bá mi kọ̀wé. Oòrùn ọ̀sán mú. Ìyá àgbà tó bá wa gbé àgbàlá ní àdúgbò Bè ń fi òkúta fọ́ ẹkùrọ́: kó, kó, kó. Òórùn àdín gba gbogbo ilé. Ará Kétu ni, kì í ṣe ẹbí wa, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màmá mi máa ń fi mí sí bó bá lọ ra ẹja létí òkun ní Kpogan.

Àlọ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kì í tán. Láti ìgbà òjò ló ti ń pa á lálaalẹ́. Ìlú méjì, odò kan láàárín wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, odò náà á ṣẹ́rí padà sí orísun. Ẹni tó bá sọdá rẹ̀ á gbàgbé ohùn ọmọ ìyá rẹ̀. Àrẹ̀mú ń ṣọ́ ẹnubodè níhìn-ín. Àdùkẹ́ àbúrò rẹ̀ ti sọdá, ó ti di balógun lọ́hùn-ún. Ogun ń bọ̀. Àwa ọmọ ilé mọ orúkọ ẹṣin wọn, a sì máa ń jà lórí ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tó yá, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí dún lálẹ́. Ta ló máa tan àtùpà, ta ló máa dárin àlọ́? Ọ̀sán tí mò ń wí yìí, màmá mi ti lọ sí Kpogan láti ìjẹta, kò tíì dé. Ìyá àgbà kàn la ẹnu: "Àrẹ̀mú gbọ́ ìró ẹsẹ̀ létí odò..."

Mo fọwọ́ di etí. "Ìyá àgbà, ẹ dákẹ́! Wọn kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Ìyá mi á kú!"

Ó gbé òkúta sílẹ̀. "Ta ló ń pàlọ́ fún ọ? Ṣé o gbọ́ 'ààlọ́ o' lẹ́nu mi? Ìtàn ni. Àwọn èèyàn yìí gbé ayé rí."

"Ẹ búra."

Ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n. "Ó yá, olóríkunkun, ṣí etí."

Mo ṣí i. "Ṣé Àdùkẹ́ á dá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀?"

Ó dá mi lójú báyìí pé ó fẹ́ kí wọ́n pàdé lọ́jọ́ náà, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti búra pé òótọ́ ni, kò sì lè hun ìparí rẹ̀ látinú orí ara rẹ̀ mọ́.

"Wọn ò tíì sọ ìyẹn fún mi," ló wí.

Màmá mi ò dé. Àwọn kan ní ìbọn bá ọkọ̀ wọn lójú ọ̀nà, àwọn kan ní ó sá gba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lọ. A ò rí òkú, a ò rí ààyè. Kò pẹ́, ìyá àgbà náà di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Kétu.

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ ìtàn dídùn lọ́sàn-án, màá kọ́kọ́ fọwọ́ di etí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ mi bèèrè ìyá mi, ọ̀sán gangan ni mo pè wọ́n jókòó. Mo ní ó lọ ra ẹja, kò padà. Mo ní ogun àwọn àgbà ló gbé e lọ, kì í ṣe ìtàn ọ̀sán tí etí ọmọdé gbọ́.